Ilẹ̀kùn Mẹ́rin Tí Òǹkàwé Ń Gbà Wọ Inú Ìwé

Ìwé tí ènìyàn kà tán, lọ́pọ̀ ìgbà, ẹlòmíràn ló júwe rẹ̀ fún un. Olùkọ́ ló dárúkọ rẹ̀ ní kíláàsì, tàbí ọ̀rẹ́ ló yọ ọ́ nínú báàgì lẹ́yìn ìsìn, tàbí ọmọ ló fi í sílẹ̀ lórí àga tí ìyá rẹ̀ sì ṣí i wò. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní Ìbàdàn àti ní Iléṣà, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Prince George's County, ìjọba ìbílẹ̀ tó fara ti Washington ní ìpínlẹ̀ Maryland, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ìkànìyàn ọdún 2020 ka ènìyàn 967,201 níbẹ̀. Aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú wọn, àwọn ọmọ Yorùbá sì wà láàrin wọn, ní Bowie, ní Lanham, ní Laurel, ní Hyattsville, àti ní Upper Marlboro tí í ṣe olú ìlú ibẹ̀.

Ìbéèrè tó ń gbé ìwé láti ọwọ́ kan dé òmíràn kò ju "Kí lẹ ń kà lọ́wọ́ báyìí?" lọ. Ohun tó ń dà á rú ni pé orúkọ ẹ̀yà ìwé ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń dáhùn: ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́, ìtàn ìfẹ́, ìtàn ìgbésí ayé ènìyàn ńlá, ewì, ìwé ẹ̀sìn. Ẹni tó béèrè á wá rò pé òun ti mọ èyí tí òun yóò júwe padà. Bẹ́ẹ̀, ènìyàn méjì lè fẹ́ràn ìwé kan ṣoṣo kí ìdí wọn má jọra rárá. Ọ̀kan kò lè sùn títí yóò fi mọ ẹni tó pa olóògbé. Èkejì kò tilẹ̀ bìkítà nípa apànìyàn. Àdúgbò tí ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ ló ń wù ú, nítorí pé àdúgbò tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà ni.

Nancy Pearl, tó ti ṣe òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé rí ní ìlú Seattle, ti la ọ̀rọ̀ yìí yéni yékéyéké. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ètò kan ti bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1998, tí wọ́n fi rọ gbogbo ará Seattle pé kí wọ́n ka ìwé kan náà kí wọ́n sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí, àṣà tó ti tàn dé ọ̀pọ̀ ìlú láti ìgbà náà. Pearl sọ pé ilẹ̀kùn mẹ́rin ni òǹkàwé ń gbà wọ inú ìwé: ìtàn, ẹ̀dá inú ìtàn, ibi tí ìtàn ti ṣẹlẹ̀, àti èdè. Gbogbo ìwé ló ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ṣùgbọ́n wọn kì í fẹ̀ bákan náà. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ júwe ìwé fún ẹlòmíràn á kọ́kọ́ béèrè ìwé tí onítọ̀hún gbádùn kẹ́yìn, á sì tẹ́tí sí bí ó ṣe ń ròyìn rẹ̀. Bí ó bá ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ohun tó tún ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ilẹ̀kùn ìtàn ló gbà wọlé. Bí ó bá ń dárúkọ àwọn ènìyàn inú ìwé bí ẹni ń dárúkọ ẹbí, ti ẹ̀dá ìtàn ni. Bí ìlú àti ọ̀nà bá pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, ibùdó ìtàn ni. Bí ó bá sì ń há gbólóhùn kan sórí tó ń tún un sọ, èdè ló fà á wọlé.

Ẹni tó ń gba ilẹ̀kùn ìtàn wọlé kò ní sùúrù fún àpèjúwe gígùn. Ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ló bá a mu jù, èdè Yorùbá sì ní i lọ́pọ̀ ju bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Maryland ti mọ̀ lọ. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí gbé Àjà Ló Lẹrù jáde ní ọdún 1969, ó sì gbé Àgbàlagbà Akàn tẹ̀lé e ní ọdún 1971. Lápàdé, tó ti ṣe ọlọ́pàá rí, ló ń tọpa àwọn ọ̀daràn nínú wọn. Eré ọkọ̀ wà níbẹ̀, ìjà wà níbẹ̀, àṣírí sì ń tú díẹ̀díẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé náà kọ irú rẹ̀. Owó Ẹ̀jẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ẹni tí kò bá tíì lè ka Yorùbá dáadáa lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí Oyinkan Braithwaite kọ ní ọdún 2018, My Sister, the Serial Killer, tó wọ inú orúkọ ìwé tí wọ́n kọ́kọ́ yàn fún ẹ̀bùn Booker ní ọdún 2019. Nọ́ọ̀sì kan ní Èkó ló ń sọ ìtàn náà: àbúrò rẹ̀ obìnrin ń pa àwọn ọkùnrin tó ń fẹ́ ẹ, ẹ̀gbọ́n sì ń fọ ẹ̀jẹ̀ nù lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn orí ìwé náà kúrú. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé ìwòsàn, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ti ń ṣe ní agbègbè Washington, lè ka orí méjì tàbí mẹ́ta nígbà ìsinmi iṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ sì má kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Ilẹ̀kùn kejì, ti ẹ̀dá ìtàn, ni ìjíròrò ti ń gbóná jù nígbà tí àwọn òǹkàwé bá pàdé. Ẹ wo Ó Le Kú, ìwé tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní ọdún 1974. Àjàní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Ìbàdàn. Àṣàkẹ́, Lọlá àti Ṣadé ni obìnrin mẹ́ta tí ọ̀ràn ìfẹ́ rẹ̀ kàn. Kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ìwé yìí láàrin àwọn tó kà á nílé ẹ̀kọ́ tí ẹnìkan kò ní gbèjà Àṣàkẹ́, tí ẹlòmíràn kò ní dá Àjàní lẹ́bi. Túndé Kèlání fi ṣe fíìmù ní ọdún 1997, fíìmù tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tó wo fíìmù kò tíì ka ìwé. Bí Ìṣọ̀lá ṣe ń ṣeré pẹ̀lú ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀dọ́ ìgbà náà, ojú ewé nìkan ló gbà á tán. Eré-onítàn rẹ̀, Ẹfúnṣetán Aníwúrà, tó jáde ní ọdún 1970, ń dá àríyànjiyàn mìíràn sílẹ̀: ṣé bí Ìyálóde Ìbàdàn náà ṣe burú tó nínú eré náà ló burú tó ní ti gidi? Ìwé tó lè mú kí àgbà mẹ́fà máa jiyàn lórí obìnrin tó ti kú láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó yẹ ní jíjúwe.

Nínú àwọn ìwé Gẹ̀ẹ́sì tí ọmọ Yorùbá kọ, méjì ló ṣílẹ̀kùn yìí gbayawu. Lọlá Ṣónéyìn gbé The Secret Lives of Baba Segi's Wives jáde ní ọdún 2010. Ìbàdàn ni ilé náà wà; Bọ́láńlé tó kàwé yunifásítì ló wọlé ṣe ìyàwó kẹrin, àwọn ìyàwó sì ń gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu ara wọn títí àṣírí ilé fi tú. Ayọ̀bámi Adébáyọ̀ kọ Stay With Me ní ọdún 2017, ìtàn Yéjídé àti Akin ní Iléṣà, tọkọtaya tí wọ́n ń wá ọmọ. Ọkọ sọ tirẹ̀, ìyàwó sọ tirẹ̀, òǹkàwé ló ń ṣe adájọ́. Bí tọkọtaya kan bá fẹ́ ka ìwé kan pọ̀, èyí ni kí wọ́n mú, kí wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ tí yóò tẹ̀lé e.

Ní ti ibùdó ìtàn, Prince George's County wà láàrin ilẹ̀ tí ìwé ti sọ púpọ̀ nípa rẹ̀. Ìpínlẹ̀ Maryland yìí kan náà ni wọ́n bí Frederick Douglass sí nínú oko ẹrú. Ìwé tó kọ nípa ayé ara rẹ̀ jáde ní ọdún 1845. Níbẹ̀ ló ti sọ bí ìyá ilé tó ń sìn ní Baltimore ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, bí ọkọ obìnrin náà ṣe fòfin dè é, àti bí òun ṣe ń fi búrẹ́dì gba ẹ̀kọ́ kíkà lọ́wọ́ àwọn ọmọ aláwọ̀ funfun ní òpópónà. Ìwé pélébé ni. Ọ̀sẹ̀ kan ti tó láti kà á tán. Ilé tó fi ṣe ibùgbé nígbà ogbó rẹ̀, Cedar Hill, ṣì wà ní Anacostia ní Washington, kò jìnnà sí ààlà Prince George's County, àlejò sì ń wọ̀ ọ́ lọ wò. Òǹkàwé tó bá ka ìwé náà tán lè wakọ̀ lọ dúró níwájú ilé òǹkọ̀wé náà lọ́jọ́ kan náà. Àǹfààní yìí kò wọ́pọ̀.

Ìwé mìíràn tó kan àgbègbè yìí gan-an ni Between the World and Me, tí Ta-Nehisi Coates, ọmọ Baltimore, kọ gẹ́gẹ́ bí lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, tó sì gba ẹ̀bùn National Book Award ní ọdún 2015. Ìbànújẹ́ tó wà láàrin ìwé náà ni ikú Prince Jones, ẹlẹgbẹ́ Coates ní Yunifásítì Howard, tí ọlọ́pàá Prince George's County kan yìnbọn pa ní ọdún 2000. Òbí tó ń tọ́ ọmọkùnrin ní àgbègbè yìí kò lè kà á bí ẹni ń ka ìtàn ọ̀nà jíjìn. Ó wúwo, àmọ́ ó yẹ kí ọmọ tó ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún àti òbí rẹ̀ jọ kà á. Fún ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó ń wá ibi tí òun wà nínú ìwé, Tope Folarin ló súnmọ́ jù. Washington ló ń gbé. Ó gba ẹ̀bùn Caine ní ọdún 2013, ìwé rẹ̀ A Particular Kind of Black Man sì jáde ní ọdún 2019. Ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Utah, láàrin àwọn tí kò jọ ọ́, ni ìtàn náà dá lé. Àwọn àgbà tí àárò ilé ń sọ, Aké tí Wọlé Ṣóyínká gbé jáde ní ọdún 1981 yóò mú wọn padà sí Abẹ́òkúta.

Ilẹ̀kùn kẹrin ni èdè, ibí yìí sì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà fún àwọn Yorùbá tó wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó fẹ́ràn èdè kì í sáré kàwé. Á dúró lórí gbólóhùn, á kà á sókè, á pe ẹlòmíràn wá gbọ́. D. O. Fágúnwà ló jọba níbẹ̀. Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ jáde ní ọdún 1938. Igbó Olódùmarè àti Ìrèké Oníbùdó tẹ̀lé e ní ọdún 1949, Ìrìnkèrindò Nínú Igbó Elégbèje ní ọdún 1954, Àdììtú Olódùmarè sì dé ní ọdún 1961. Àwọn kan máa ń kùn pé ìwàásù pọ̀ nínú wọn. Òótọ́ ni, ó sì pọ̀ fún ẹni tí ìtàn nìkan ń wù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ Òkédìjí. Ṣùgbọ́n ẹni tí etí rẹ̀ ń fẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń yí gbirigbiri, tí àpèjúwe kan ń bí òmíràn, kò sí ibòmíràn tó dà bí ibẹ̀. Ṣóyínká túmọ̀ ti àkọ́kọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1968, iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ó dára kí ìtumọ̀ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé Yorùbá, kó má gba ipò rẹ̀.

Ìṣòro tó wà nílẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ọmọ tó dàgbà sí Bowie tàbí Largo ń gbọ́ Yorùbá, wọn kò lè kà á. Fágúnwà kò lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ fún wọn. Aláwìíyé ti J. F. Ọdúnjọ, tó kọ́ ìran bíi mélòó kan ní ìwé kíkà nílé, ṣì ń ṣiṣẹ́ náà níhìn-ín bí òbí bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jókòó tì í lálẹ́. Lẹ́yìn èyí, kí àgbà máa ka Fágúnwà sókè fún wọn. Àwọn ìwé náà fúnra wọn jọ ìtàn tí wọ́n ń sọ fún etí: nínú ti àkọ́kọ́, ọdẹ tó ń jẹ́ Àkàrà-ògùn ló jókòó tó ń ròyìn, òǹkọ̀wé ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ń kà á sókè nínú pálọ̀ kan ní Lanham ń ṣe ohun tí wọ́n kọ ìwé náà fún. Àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn ìtàn idán àti àwọn ilẹ̀ tí kò sí lórí máàpù ti ń rí ọ̀nà mìíràn: Children of Blood and Bone tí Tomi Adeyemi, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà sí Amẹ́ríkà, gbé jáde ní ọdún 2018, kún fún orúkọ òrìṣà àti ọfọ̀ lédè Yorùbá. Ọmọ tó bá béèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé Yorùbá nìyẹn.

Àwọn ọmọ kan wà tí kò rí ilẹ̀kùn kankan. Jason Reynolds jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Oxon Hill, ní Prince George's County, ló dàgbà sí. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, orin ráàpù Queen Latifah ló mú un fẹ́ràn ọ̀rọ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ewì. Síbẹ̀, kò ka ìwé ìtàn kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin títí ó fi pé ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, nígbà tó ka Black Boy ti Richard Wright. Àwọn ìwé tí wọ́n ń fún un nílé ìwé kò mọ àdúgbò rẹ̀, kò sì sí ẹni inú wọn tó ń sọ̀rọ̀ bíi tirẹ̀. Ó lọ sí Yunifásítì Maryland ní College Park, ó sì di ẹni tó ń kọ irú ìwé tí òun kò rí kà. Long Way Down, tó jáde ní ọdún 2017, jẹ́ ìtàn tí ó fi ewì kọ láti orí dé ìdí. Wọ́n ti yìnbọn pa ẹ̀gbọ́n ọmọkùnrin kan. Ọmọ náà ki ìbọn bọ ṣòkòtò, ó wọ inú ẹ̀rọ tó ń gbéni sọ̀kalẹ̀ láti òkè ilé, ó ń lọ gbẹ̀san. Ìṣẹ́jú kan péré ni gbogbo rẹ̀ gbà, àjà kọ̀ọ̀kan ni òkú kan sì ń wọlé tọ̀ ọ́ wá. Ọmọ tó ti búra pé òun kórìíra ìwé lè kà á tán láàárín ọ̀sán kan, nítorí pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀kùn náà ló ṣí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ilé Ìkàwé Àpapọ̀ Amẹ́ríkà, Library of Congress, fi Reynolds ṣe aṣojú ìwé àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ fún gbogbo orílẹ̀-èdè náà láti ọdún 2020 títí di 2022.

Ibi tí a ti ń rí àwọn ìwé wọ̀nyí kò ṣòro. Àjọ ilé ìkàwé Prince George's County, tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1946, ní ẹ̀ka mọ́kàndínlógún. Èyí tó wà ní Oxon Hill ní yàrá kan tí wọ́n fi orúkọ Sojourner Truth pè, tí wọ́n kó ìwé ìtàn àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà jọ sí. Káàdì ilé ìkàwé náà jẹ́ ọ̀fẹ́ fún ará Maryland. Káàdì kan náà ló ń ṣí Libby lórí fóònù, níbi tí ènìyàn ti lè yá ìwé kà tàbí yá ìwé àfetígbọ́. Ìwé àfetígbọ́ yìí wúlò fún ẹni tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ojú ọ̀nà Beltway ń gba wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójúmọ́, tàbí ẹni tó ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti New Carrollton. Fún ẹni tó fẹ́ rà, MahoganyBooks, tó bẹ̀rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2007, ṣí ṣọ́ọ̀bù sí National Harbor ní ọdún 2021; ìwé àwọn aláwọ̀ dúdú ló ń tà. Láti ọdún 2008 ni ìpínlẹ̀ Maryland náà sì ti ń yan ìwé kan lọ́dọọdún tí gbogbo ènìyàn yóò jọ kà. Ní ọdún 2017, Purple Hibiscus ti Chimamanda Adichie ni wọ́n yàn.

Ìwé Yorùbá ló ṣòro rí lórí àtẹ. Àtẹ ilé ìkàwé ń tẹ̀lé ìbéèrè: ìwé tí ẹnikẹ́ni kò béèrè, wọn kì í rà á. Òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé lè bá ènìyàn yá ìwé láti ilé ìkàwé mìíràn ní Maryland, wọ́n sì ń gba orúkọ ìwé tí aráàlú bá fẹ́ kí wọ́n rà. Orúkọ òǹkọ̀wé, orúkọ ìwé àti ọdún tó jáde ti tó láti bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún ẹni tí ìwé tí wọ́n júwe fún kò bá dùn mọ́. Pearl ní òfin kan fún un: ẹni tí kò tíì ju àádọ́ta ọdún lọ, kó ka àádọ́ta ojú ewé kó tó pa á tì, ẹni tó bá ti kọjá àádọ́ta ọdún, kó yọ ọjọ́ orí rẹ̀ kúrò nínú ọgọ́rùn-ún, iye tó kù ni ojú ewé tó jẹ ìwé náà. Àgbà ẹni àádọ́rin ọdún, ọgbọ̀n ojú ewé ló jẹ ẹ́. Kò sí ìtìjú nínú kí ènìyàn dá ìwé padà fún ẹni tó yá a, kó sì sọ ìdí rẹ̀ fún un. Ìdí yẹn gan-an ni yóò fi mọ ilẹ̀kùn tí yóò ṣí nígbà mìíràn.

Ọ̀pọ̀ ilé Yorùbá ní Prince George's County ló ní ìwé kan tó bá wọn ti Nàìjíríà dé nínú àpótí, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí láti ọdún pípẹ́. Kí ẹni tó ni ín yọ ọ́ jáde lọ́sẹ̀ yìí, kó kọ orúkọ rẹ̀ sí ojú ewé àkọ́kọ́, kó sì yá aládùúgbò kan kà.